Òbúkọ Wúrà Ìlú Úrì àti Ọ̀dà Tó Dì Í Mú

Àgbò ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n òbúkọ ni. Ẹni tó bá ti sin ẹran rí kò nílò kí ọ̀mọ̀wé kankan wá là á yé e. Ìwo rẹ̀ lọ́ lọ sókè ni, kò ká yí etí po bíi ti àgbò. Irùngbọ̀n ń bẹ ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó dìde dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó wá gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ẹ̀ka igi. Àgùntàn kì í dán irú ẹ̀ wò. Orí rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀ tó bá ń jẹko. Ewúrẹ́ ló máa ń na ara bá ewé tó ga jù ú lọ, pàápàá tí ewé náà bá jẹ́ ti ẹlòmíràn. Bí ewúrẹ́ ìyá mi àgbà ṣe máa ń dúró ti igi ọsàn aládùúgbò wa gan-an nìyẹn, ìjà tó sì máa ń tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré.

Ère kan tó ti tó nǹkan bí 4,500 ọdún ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gíga rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 46. Èèyàn lè fi apá kan ṣoṣo gbé e mọ́ àyà. Leonard Woolley, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wú u jáde ní ìlú Úrì, ní gúúsù ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìràákì lónìí, ní àsìkò ìwalẹ̀ ọdún 1928 sí 1929. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan wà ní British Museum ní London, èkejì tó fi díẹ̀ kúrú sí i wà ní mùsíọ́ọ̀mù Yunifásítì Pennsylvania ní Philadelphia, nítorí pé ilé méjèèjì ló jọ náwó sí iṣẹ́ náà láti 1922 títí di 1934. Ọ̀pọ̀ wa tó bá wọ British Museum, ìsàlẹ̀ ilé la máa ń sáré gbà lọ, níbi tí orí idẹ Ifẹ̀ wà. Òkè ni òbúkọ yìí wà, ní yàrá 56.

Ọmọ àlùfáà ìjọ ni Woolley. Úrì tó ń wà, òun náà ni a kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé Ábúráhámù ti jáde wá. Nígbà tó rí ẹran oníwo láàárín ẹ̀ka igi, ìtàn tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ti àgbò tí ìwo rẹ̀ há sínú pàǹtírí, èyí tí wọ́n fi rúbọ dípò ọmọ. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní. Mi ò dá Woolley lẹ́bi. Owó ni iṣẹ́ ìwalẹ̀ ń jẹ, àwọn ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà sì fẹ́ràn ohunkóhun tó bá kan Bíbélì. Lọ́dún 1929 kan náà ló kéde pé òun ti rí amọ̀ tí Ìkún-omi Nóà gbé wá. Àwa tí a ń pa ẹran Iléyá àti àwa tí a ń ka Jẹ́nẹ́sísì, gbogbo wa la mọ ìtàn àgbò yẹn, ó sì rọrùn kí ojú wa dúró sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwo òbúkọ yìí kò há síbì kankan. Oúnjẹ ló ń jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ẹ̀ka igi, ẹ̀wọ̀n náà sì ti jẹrà tán pátápátá.

Ọmọ káfíńtà ni mí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àga tuntun síwájú bàbá mi, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó sọ bóyá ó dára: kí ló so ẹsẹ̀ mọ́ ìjókòó, ìṣó ni àbí gọ́ọ̀mù, irú pákó wo ni wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ fọ́míkà. Ojú yẹn ni mo jogún, òun náà ni mo fi ń wo òbúkọ Úrì. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe kàn án pọ̀.

Igi ni inú rẹ̀. Agbẹ́gilére ló kọ́kọ́ gbẹ́ orí àti ẹsẹ̀ ẹran náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀ (bitumen), ohun dúdú tó ń lẹ̀, ra á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n wá mú wúrà tí wọ́n ti lù títí ó fi tín-ín-rín, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n ń rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orúnkún, débi pé ohun tí agbẹ́gilére gbẹ́ ló tún yọ lójú wúrà. Igi tí ẹran náà gbé ẹsẹ̀ lé kò yàtọ̀: ọpá rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀, ewé rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ rìbìtìrìbìtì, wúrà ni lójú. Bàbà ni wọ́n fi ṣe etí. Ìdípẹtà ti sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ìwo rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ lapis lazuli, òkúta kan tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí aró tó gbó dáadáa. Ìpìlẹ̀ tó dúró lé jẹ́ pákó kékeré onígun mẹ́rin, tí wọ́n fi wẹ́wẹ́ ìkarahun, lapis àti òkúta ẹfun pupa tò lójú.

Irun ara rẹ̀ ni iṣẹ́ wà jù. Ẹlòmíràn ì bá kàn fín ìlà sára igi kó pè é ní irun. Àwọn wọ̀nyí gé ìdì irun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ láti ara ìkarahun òkun, wọ́n fá a kó ní ikùn àti ẹnu ṣóńṣó, wọ́n fín ìlà wẹ́wẹ́ sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ọ̀dà tó nípọn. Ìtò kan ń gun orí ìtò kejì, tí ẹnu èyí òkè fi bo ìdí èyí ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń kan páànù sórí ilé. Ẹni tó bá ti kan páànù rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti mọ iye ìtò tó máa gbà kí wọ́n tó dé èjìká. Tó bá dé èjìká, ìkarahun parí, irun náà di lapis. Funfun nísàlẹ̀, aró lókè. Ikùn rẹ̀ jẹ́ fàdákà, ṣùgbọ́n fàdákà yẹn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ̀yà akọ rẹ̀ sì jẹ́ wúrà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiyèméjì.

Wọn kò kun ohunkóhun. Èyí ni mo máa ń padà sí. Bí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀ aró, òkúta tí àwọ̀ aró bá wáyé ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá fẹ́ funfun, ìkarahun ni. Pupa? Òkúta ẹfun. Àwọ̀ àti ohun èlò jẹ́ nǹkan kan náà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọnà ère yìí kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Oníṣẹ́ tó ń yan àwọ̀ irun èjìká, ọ̀nà òwò ló ń yàn. Bó o bá sì ha irun ìkarahun yẹn, funfun lo máa tún bá lábẹ́ rẹ̀. Bó o bá ha ìwo, aró lo máa bá. Lára òbúkọ yìí, wúrà ojú yẹn ló ń purọ́. Òun ló dà bíi pé ó kún dénú, tó sì jẹ́ pé igi ló bò mọ́lẹ̀. Bàbá mi ì bá rẹ́rìn-ín.

Ibo ni wọ́n ti kó wọn wá? Lapis yẹn wá láti àwọn òkè Badakhshan, ní àríwá ìlà-oòrùn Afghanistan, ìrìn tó ju kìlómítà 2,000 lọ sí Úrì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ṣì ń wa òkúta náà níbẹ̀, ní Sar-i Sang. Ìkarahun wá láti inú òkun tó wà láàárín Ìráànì àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Bàbà pọ̀ ní Oman, tí wọ́n ń pè ní Magan nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi sì máa ń kó o wọlé. Wúrà àti fàdákà, kò sí èyí tí ilẹ̀ Úrì ní. Orí òkè tó wà lẹ́yìn òkè, ní apá Ìráànì, apá Tọ́kì àti ibi tó tún jìnnà sí i, ni irú wọn ti ń wá, ní ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, láti ọwọ́ oníṣòwò kan dé ọwọ́ òmíràn. Ó dájú lójú mi pé ẹni tó gé ìdì irun lapis yẹn kò fojú kan Badakhshan rí láéláé. Ó lè má tilẹ̀ mọ orúkọ ibẹ̀.

Gúúsù Mesopotámíà, ilẹ̀ tí Úrì wà, kò ní òkúta, kò ní ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n lè yọ́ di irin. Ẹrẹ̀ odò ló kún ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni amọ̀, koríko etí odò, ọkà báálì, èso déètì, ẹja, àti àgùntàn, ọ̀wọ́ àgùntàn tí kò lóǹkà. Irun àgùntàn yẹn ni àwọn obìnrin ń ran, tí wọ́n ń hun di aṣọ, aṣọ náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń kó lọ sílẹ̀ òkèèrè láti fi pààrọ̀ òkúta àti irin. Nítorí náà, a lè sọ pé irun àgùntàn ni wọ́n fi ra irun òbúkọ.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ilẹ̀ yẹn ní: ọ̀dà ilẹ̀. Ó ń sun jáde fúnra rẹ̀ ní Hit, ní etí odò Yúfírétì, dúdú, ó ń rùn, ó sì ń lẹ̀. Ẹni tó bá ka ìtàn ilé ìṣọ́ Bábélì dáadáa á rántí pé bíríkì ni wọ́n lò níbi tó yẹ kí wọ́n lo òkúta, ọ̀dà ilẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ ọ́n pọ̀. Ẹni tó kọ ìtàn yẹn mọ irú ilẹ̀ tó ń sọ. Wọ́n fi ọ̀dà yìí dí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí omi má wọ̀ ọ́, wọ́n fi ra agbọ̀n kó lè gbomi dúró, wọ́n fi lẹ dòjé mọ́ ìdí rẹ̀. Tálákà ń lò ó, ààfin ń lò ó. Lára òbúkọ Úrì, bóyá pẹ̀lú igi inú rẹ̀, òun nìkan ni ọmọ onílẹ̀. Wúrà, lapis, fàdákà, bàbà, àlejò ni gbogbo wọn, òun ló sì di gbogbo àlejò wọ̀nyí mú. Nínú àwọn àkọlé tí mo ti kà nípa ère yìí, wúrà ló máa ń ṣíwájú, lapis á tẹ̀lé e, ọ̀dà á wá kẹ́yìn, bí wọ́n bá rántí rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ọnà fúnra rẹ̀, nítorí pé ọkàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìdúró ẹran náà jẹ́ òótọ́. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti jókòó wo ewúrẹ́ tó ń jẹun, ó mọ ibi tí ìwúwo ara máa ń bọ́ sí nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wo orí rẹ̀. Ẹran tó ń jẹun kì í wo ọ̀kánkán. Ewé ló máa ń wò. Òbúkọ yìí kò ya ewé sí. Ojú rẹ̀ dọ́gba sáàárín ẹ̀ka méjì, òdòdó kan lápá ọ̀tún, òdòdó kan lápá òsì, ó sì ń wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ara rẹ̀ wà nínú oko, ojú rẹ̀ wà níwájú òrìṣà.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ère yìí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìlú Uruk, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti ń fín ọba kan sójú èdìdì òkúta, ọba tó di ẹ̀ka olódòdó mú lọ́wọ́, tó sì fi ń bọ́ ẹran. Òdòdó rìbìtì yẹn jẹ́ àmì Inanna, òrìṣà obìnrin tó ni Uruk, tó ni ìfẹ́, tó sì ni ogun. Ẹran àti ewéko jẹ́ ọrọ̀ ìlú, òrìṣà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Irùngbọ̀n lapis náà ní ìtàn tirẹ̀. Nínú orin àwọn ará Sumer, ìyẹn àwọn tó ń gbé gúúsù Mesopotámíà nígbà náà, wọ́n máa ń ki Utu, òrìṣà oòrùn, pé irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ lapis. Orí màlúù wúrà tó wà níwájú àwọn dùùrù tí Woolley rí ní Úrì náà ní irùngbọ̀n lapis, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màlúù kò ní irùngbọ̀n rí. Nítorí náà, tí oníṣẹ́ bá mú òkúta aró sí àgbọ̀n òbúkọ, oríkì ló ń fi ọwọ́ kì í. Ẹran tó ń jẹ ewé aládùúgbò ló fún ní irùngbọ̀n òrìṣà, kò sì yọ ewé kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Kí ọ̀nà iṣẹ́ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká wo ère ẹranko mìíràn láti agbègbè kan náà, abo kìnnìún tí wọ́n ń pè ní Guennol, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, ní ọnà àwọn ará Elam tó múlé ti Mesopotámíà. Gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Òkúta funfun kan ṣoṣo ni, ó dúró bí èèyàn, ó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú àyà, iṣan rẹ̀ sì le débi pé nínú fọ́tò èèyàn á rò pé ó ga ju ilé lọ. Agbára tirẹ̀ wà nínú ìrísí. Ti òbúkọ wà nínú àkójọ. Síbẹ̀, òun náà ní ihò tí wọ́n lu fún ìrù, apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì sí mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin olówó iyebíye. Ní oṣù Kejìlá 2007, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York ní dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 57. Wọ́n ní ìtòsí Baghdad ni wọ́n ti rí i, ìyẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n rí sọ nípa ibi tó ti wá. Kò sí ẹni tó lè sọ inú ibojì ta ló wà, tàbí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tèmi ni pé mo yan òbúkọ tí a mọ aládùúgbò rẹ̀ ju kìnnìún tí a mọ iye rẹ̀ lọ.

Àwọn aládùúgbò òbúkọ náà ńkọ́? Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jáde nínú ilẹ̀, nítorí pé ère kọ́ ni Woolley bá níbẹ̀. Igi inú rẹ̀ ti jẹrà láti ayébáyé. Wúrà tó ṣẹ́ kù dà bí awọ tí kò ní ẹran nínú mọ́, ẹrù ilẹ̀ sì ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ kó o, ìkarahun á fọ́n ká, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé pé òbúkọ ni. Ohun tó gbà á là ni pé àwọn ìdì irun yẹn ṣì tò ní ipò wọn lára ọ̀dà. Woolley yọ́ ìda lé e lórí, ó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ìda dì í, ó gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi sùúrù tẹ wúrà padà síta, tí wọ́n ń dá ìrísí rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Fún àwọn dùùrù, ọgbọ́n mìíràn ló dá: ìyẹfun ẹfun tí wọ́n po mọ́ omi ló dà sínú ihò tí igi tó jẹrà fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, nígbà tó gbẹ, ìrísí dùùrù jáde.

Irú iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti ìkánjú. Àtìgbà tí wọ́n ti dé Úrì ní 1922 ni wúrà ti ń yọjú nínú kòtò kan, Woolley sì pàṣẹ kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1926 ló tó padà síbẹ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ Hamoudi, olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀, ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ kékeré ṣe ohun tí ṣọ́bìrì kò lè ṣe. Mo kan sárá sí ìpinnu yẹn ju àwárí fúnra rẹ̀ lọ. Ó sì túmọ̀ sí pé nígbà tí a bá ń yin ọnà àwọn ará Sumer nínú gíláàsì yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn ọ̀rúndún ogún náà wà níbẹ̀. Àwọn ló pinnu bí ọrùn ṣe máa gùn tó, àti bí orí ṣe máa tẹ̀.

Ibi tí òbúkọ méjèèjì ti jáde, Woolley pè é ní Kòtò Ikú Ńlá. Wọ́n ka èèyàn 74 níbẹ̀, obìnrin 68 àti ọkùnrin mẹ́fà, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìlà-ìlà nínú aṣọ àjọ̀dún wọn. A ní orúkọ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, abọ́bakú, nítorí náà mi ò nílò àlàyé púpọ̀. Irun orí àwọn obìnrin náà ni wọ́n fi ọ̀já wúrà tàbí ọ̀já fàdákà dì, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lapis àti ìlẹ̀kẹ̀ pupa. Ilẹ̀ Úrì níyọ̀, fàdákà kì í sì í fara dà á. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, àbàwọ́n lásán ló kù. Àfi ọmọbìnrin kan. Ọ̀já fàdákà tirẹ̀ wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ṣì ká mọ́ra, bíi pé inú àpò aṣọ ló fi sí. Woolley rò pé bóyá ó pẹ́ dé ni, tí kò rí àyè fi ọ̀já náà dirun. Nítorí pé ó ká mọ́ra, ó nípọn, ìyẹn ni kò jẹ́ kó bàjẹ́. Fàdákà ikùn òbúkọ kò rí irú oore bẹ́ẹ̀.

Woolley rí ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì gbà pé fúnra wọn ni wọ́n mu májèlé, tí wọ́n sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìtàn tó tura. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Philadelphia tẹ àbájáde àyẹ̀wò agbárí méjì láti Úrì jáde, ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin láti inú kòtò yìí gan-an, èkejì jẹ́ ti ọmọ ogun láti inú ibojì mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú egungun ni wọ́n lò. Ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ni wọ́n fi gbá àwọn méjèèjì lórí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó kó lapis jọ láti Badakhshan ló kó àwọn obìnrin yẹn jọ, ilé ọlá kan náà ló sì ní agbára méjèèjì. Mi ò lè wo irun òbúkọ yẹn kí n má rántí ọmọbìnrin tí kò tíì dirun tán.

Ó wá ku ohun tí ojú káfíńtà máa ń rí kí ojú tó rí wúrà. Láti ẹ̀yìn ọrùn òbúkọ, ọ̀pá kan yọ sókè, wọ́n fi wúrà bò ó, kò sì sí lára ewúrẹ́ kankan tí Ọlọ́run dá. Ọ̀pá yẹn ń gbé nǹkan ni. Àwo ni o, ọpọ́n ni o, pẹpẹ kékeré ni o, ohun tó wà lórí rẹ̀ ti lọ. Òbúkọ Úrì jẹ́ ẹsẹ̀ nǹkan. Ohun èlò inú ilé ni wọ́n ṣe é fún, gbogbo làálàá ìdì irun yẹn wà fún ohun tí ojú àlejò kò ní kọ́kọ́ lọ sí, nítorí ohun tó wà nínú àwo ló máa kọ́kọ́ wò. Èyí kò bu iṣẹ́ náà kù lójú mi. Oníṣẹ́ tó ṣe abẹ́ tábìlì báyìí kò bẹ̀rù ẹni tó máa tẹríba wò ó.

Méjì ni wọ́n sì jẹ́, wọ́n jọ wà nínú kòtò kan. Òfin ilẹ̀ Ìràákì ọdún 1924, èyí tí Gertrude Bell, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀, ṣe agbátẹrù rẹ̀, gbà kí wọ́n pín ohun tí wọ́n bá wú láàárín Baghdad àti àwọn tó náwó, bẹ́ẹ̀ ni òbúkọ kan ṣe gba London, tí èkejì sì gba Amẹ́ríkà. Mo máa ń ronú ohun tí bàbá mi ì bá sọ nípa ẹni tó gbé ẹsẹ̀ tábìlì kan sí ìlú kan, tó gbé èkejì sódì kejì òkun, tó wá tan iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí kí aráyé máa wò ó. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń tò ó sí yàrá 56, mi ò ní fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ lófìfo. Màá gbé àwo lé e. Gíláàsì lásán ti tó, kó má baà bo ohunkóhun, kó sì hàn sí ẹni tó bá ń kọjá lọ pé ẹrù wà lórí ẹran yìí.